Omi Òjò, Èéfín Èédú àti Ilẹ̀ Wa: Bí Omi àti Kábọ́nù Ṣe Ń Yípo ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́

Ẹ̀yin olùgbé Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ìbéèrè méjì kan wà tí ó máa ń dé etígbọ̀ọ́ wa lọ́dọọdún. Ní oṣù kejì ọdún, nígbà tí ọyẹ́ bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ tí oòrùn sì ń mú ganrínganrín, àwọn ènìyàn a máa bèèrè ìdí tí kànga ilé wọn fi gbẹ. Nígbà tí ó bá di oṣù kẹjọ, àwọn ènìyàn kan náà, ní àdúgbò kan náà, a tún máa bèèrè ìdí tí omi fi wọ inú yàrá wọn. Lójú ẹni tí kò bá fara balẹ̀ wò ó, ọ̀rọ̀ méjèèjì ta ko ara wọn. Báwo ni ibi tí omi ti wọ́n ṣe tún jẹ́ ibi tí omi ti ń lé ènìyàn jáde nílé?

Ìdáhùn wa ni pé ìṣòro kan ṣoṣo ni, ojú méjì ni ó ní. Omi ní ọ̀nà tí ó ń gbà lọ, ó sì ní ọ̀nà tí ó ń gbà bọ̀. Bí a bá dí ọ̀nà náà níbì kan, omi yóò pọ̀ jù níbì kan, yóò sì wọ́n níbòmíràn. Ohun mìíràn tún wà tí ń bá omi rìn nínú ìrìn àjò yìí tí ojú wa kò rí. Kábọ́nù ni orúkọ rẹ̀. A kọ àlàyé yìí kí tọmọdé tàgbà lè mọ bí àwọn méjèèjì ṣe ń yípo, nítorí pé ẹni tí ó bá mọ ọ̀nà tí omi ń gbà ni ó lè mọ ibi tí ó yẹ kí òun kọ́ ilé sí, ibi tí ó yẹ kí òun gbin igi sí, àti ohun tí ó yẹ kí òun jáwọ́ nínú rẹ̀.

Omi kì í tán, ipò ni ó ń pààrọ̀

Omi tí ó wà láyé lónìí kò fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ ju èyí tí ó wà nígbà ayé àwọn baba ńlá wa lọ, kò sì fi bẹ́ẹ̀ kéré sí i. Ohun tí ń yí padà ni ibi tí omi wà àti ìrísí tí ó gbé wọ̀. Nínú ìdá 100 omi ayé, bí ìdá 97 ni ó jẹ́ omi iyọ̀ inú òkun. Nínú ìwọ̀nba tí kò níyọ̀, èyí tí ó pọ̀ jù ti di yìnyín sí ìpẹ̀kun àríwá àti gúúsù ayé, apá kan sì wà lábẹ́ ilẹ̀. Omi odò àti adágún tí à ń fojú rí, tí à ń mu, tí à ń fọ aṣọ, kò tó ìdá kan nínú 100 rárá. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí a fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un.

Oòrùn ni ó ń fa omi sókè. Gẹ́gẹ́ bí aṣọ tí a sá sórí okùn ṣe ń gbẹ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tún fún un, bẹ́ẹ̀ ni ojú òkun, ojú odò àti ojú ewé ṣe ń tú omi sílẹ̀ sínú afẹ́fẹ́. Láti nǹkan bí oṣù kẹta ọdún, atẹ́gùn a máa fẹ́ láti orí Òkun Àtìláńtíìkì wá sí ìhà ọ̀dọ̀ wa. Ó gbé omi náà dání bí ẹni tí ó pọn ọmọ. Nígbà tí atẹ́gùn yìí bá gòkè dé ibi tí ó tutù, omi inú rẹ̀ a dì mọ́ra, a di ìkùukùu, òjò a sì bẹ̀rẹ̀. Bí ọdún bá ń parí lọ, atẹ́gùn gbígbẹ láti aṣálẹ̀ Sàhárà a gba ipò rẹ̀. Èyí ni à ń pè ní ọyẹ́. Àárín atẹ́gùn méjèèjì yìí ni gbogbo ètò oko wa wà, láti òjò àkọ́rọ̀ títí dé àrọ̀kúrò.

Omi kì í pẹ́ lójú ọ̀run. Bí a bá wò ó ní àròpọ̀, nǹkan bí ọjọ́ 9 péré ni omi ń lò nínú afẹ́fẹ́ kí ó tó tún rọ̀ sílẹ̀. Ní Ìbàdàn, bíi mìlímítà 1,200 sí 1,300 òjò ni ó máa ń rọ̀ ní ọdún kan. Nígbà tí òjò náà bá kan ilẹ̀, ọ̀nà mẹ́rin ni ó lè gbà. Apá kan yóò padà sínú afẹ́fẹ́ láti ojú ilẹ̀ àti láti orí ewé. Apá kan yóò wọ ilẹ̀, gbòǹgbò yóò sì fà á mu. Apá kan yóò rì lọ sísàlẹ̀, níbi tí kànga ti ń rí omi. Èyí tí ó kù yóò di àgbàrá, yóò sì wá odò lọ. Odò Ògùn gbéra láti ìhà Ṣakí, ó la Ìpínlẹ̀ Ògùn kọjá, ó sì wọ ọ̀sà Èkó. Omi Odò Ọ̀ṣun ni a sé ní Asẹ́jìrè, omi Odò Ọ̀nà sì ni a sé ní Eléyelé láti ọdún 1942, kí ará Ìbàdàn lè rí omi ẹ̀rọ lò. Láti ọ̀sà ni omi ti ń padà sínú òkun, ìrìn àjò a sì tún bẹ̀rẹ̀.

Ìdí tí kànga fi ń gbẹ tí àgbàrá sì fi ń wọlé

Lábẹ́ Ìbàdàn àti èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìpínlẹ̀ wa, àpáta líle ni ó tẹ́ rẹrẹ. Òkè tí à ń rí ní Ìgbẹ́tì àti ní Adó-Àwáyè jẹ́ ibi tí àpáta bẹ́ẹ̀ ti yọ orí síta. Àpáta yìí kì í gba omi dúró bí yanrìn. Inú erùpẹ̀ tí ó bo àpáta náà, àti inú ibi tí àpáta ti sán, ni omi kànga wa wà. Nítorí náà, ohun tí à ń fà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni omi tí òjò ọdún tí ó kọjá fi pa mọ́ fún wa. Bí òjò kò bá rí ilẹ̀ wọ̀ nígbà tí ó ń rọ̀, kànga kò ní rí ohun tí yóò fi sọ́wọ́ de oṣù kejì. Ẹni tí kò bá gbin nǹkan nígbà òjò, kí ni yóò kórè?

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kan. Bí òjò tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ mìlímítà kan bá rọ̀ sórí ilẹ̀ tí ó fẹ̀ tó mítà kan níbùú lóròó, lítà omi kan gééré ni. Púlọ́ọ̀tì ilẹ̀ kan tí ó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100 tó nǹkan bíi 464 irú mítà bẹ́ẹ̀. Bí òjò ńlá kan bá rọ̀ tí ó tó mìlímítà 50, omi tí yóò bọ́ sórí púlọ́ọ̀tì kan ṣoṣo yìí yóò lé ní lítà 23,000. Bí a bá fi kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 wọ̀n ọ́n, yóò lé ní kẹ́ẹ̀gì 900. Nígbà tí ilẹ̀ náà jẹ́ koríko àti igi, púpọ̀ nínú omi yìí ń rì. Ṣùgbọ́n bí a bá kọ́ ilé sí i, tí a sì fi kọnkéré bo gbogbo àgbàlá láti ẹnu ọ̀nà títí dé ìdí ògiri, gbogbo kẹ́ẹ̀gì 900 náà ni a dà sí ojú títì. Ẹ wá fi iye ilé àdúgbò yín sọ ọ́ di púpọ̀.

Ẹni tí ó bá ti dàgbà díẹ̀ nínú wa kò lè gbàgbé ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, nígbà tí Odò Ògùnpa kún àkúnya ní Ìbàdàn. Àwa tí a jẹ́ ọmọdé nígbà náà rántí bí àwọn àgbà ṣe ń wá ẹni wọn kiri. Àwọn tí ó bá omi lọ lé ní 200. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, omi tún ya wọ ìlú náà, ó gbé afárá lọ, ó sì pa ọ̀pọ̀ ènìyàn. Òjò ńlá rọ̀ lóòótọ́ ní ọjọ́ méjèèjì. Àmọ́ ilé tí a kọ́ sí ẹsẹ̀ odò, pàǹtírí tí a dà sínú odò, àti ilẹ̀ tí kò lè mu omi mọ́ kún ohun tí ó sọ òjò di ọ̀fọ̀. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní òjò kò bá ẹnì kan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji bá rí ni eji ń pa.

Kábọ́nù: ohun tí ó wà nínú iṣu, nínú igi àti nínú ara wa

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a wo èkejì. Bí a bá sun igi láìjẹ́ kí ó jóná tán, ohun dúdú tí ó kù ni èédú. Kábọ́nù ni ó sì pọ̀ jù nínú èédú. Ṣùgbọ́n kì í ṣe inú èédú nìkan ni kábọ́nù wà. Ó wà nínú iṣu, nínú ẹran, nínú ewé àti nínú ara àwa ènìyàn. Nígbà tí kábọ́nù kan bá so mọ́ ọ́síjìn méjì, ó di afẹ́fẹ́ tí ojú kò rí, èyí tí a ó máa pè ní gáàsì kábọ́nù nínú àlàyé yìí. Òun ni à ń mí jáde, òun náà ni ó ń jáde nígbà tí igi, epo tàbí ìgbẹ́ gbígbẹ bá ń jó.

Ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé ilẹ̀ ni irúgbìn ń jẹ tí ó fi ń tóbi. Òótọ́ ni pé ilẹ̀ ń fún un ní àwọn èròjà tí kò ṣeé máà ní, ṣùgbọ́n inú afẹ́fẹ́ àti inú omi ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú ara iṣu, àgbàdo àti igi ìrókò ti wá. Ewé a gba gáàsì kábọ́nù láti inú afẹ́fẹ́, gbòǹgbò a fa omi láti inú ilẹ̀, agbára oòrùn a sì pò wọ́n pọ̀ di oúnjẹ. Ọ́síjìn tí ó ṣẹ́ kù ni igi ń tú sílẹ̀ fún wa mí. Nígbà tí a bá jẹ iṣu náà, tàbí tí ikán bá jẹ igi tí ó wó, tàbí tí ewé bá jẹrà, kábọ́nù náà a padà sínú afẹ́fẹ́. Apá kan a sì kù sínú ilẹ̀, èyí tí ó ń sọ ilẹ̀ di dúdú, tí àgbẹ̀ fi ń sọ pé ilẹ̀ yìí lọ́ràá. Kábọ́nù tí ó wà nínú ilẹ̀ gbogbo ayé pọ̀ ju èyí tí ó wà nínú afẹ́fẹ́ àti nínú gbogbo igi àti ewéko lápapọ̀ lọ.

Ìyípo kan tún wà tí ó lọ́ra ju èyí lọ. Òkúta tí a ń lọ̀ láti fi ṣe sìmẹ́ńtì ní Ewékorò, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn tí ó múlé tì wá, jẹ́ karawun àwọn ohun abẹ̀mí inú òkun àtijọ́ tí ó ti di òkúta láti àìmọye mílíọ̀nù ọdún. Kábọ́nù wà nínú rẹ̀. Kábọ́nù wà nínú epo rọ̀bì tí wọ́n wà ní Olóìbírì ní ọdún 1956, ó sì wà nínú èédú abẹ́ ilẹ̀ ti Ẹ̀núgù. Ohun tí ìṣẹ̀dá fi mílíọ̀nù ọdún tò jọ ni à ń sun láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan. Kí ilé iṣẹ́ ẹlẹ́rọ tó gbilẹ̀ láyé, nǹkan bí 280 ni gáàsì kábọ́nù nínú mílíọ̀nù kan ẹyọ afẹ́fẹ́. Ní ọdún 1958, nígbà tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Amẹ́ríkà, Charles David Keeling, bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n ọ́n lórí òkè Mauna Loa ní Hawaii, ó ti tó nǹkan bí 315. Lónìí, ó ti kọjá 420. Gáàsì yìí dà bí aṣọ òtútù tí ayé fi bora: bí ó bá fẹ́ẹ́rẹ́, ayé yóò tutù jù, bí ó bá nípọn, ooru yóò há sábẹ́ rẹ̀.

Ibi tí omi àti kábọ́nù ti pàdé

Lára ewé ni àwọn méjèèjì ti kọ́kọ́ ń pàdé. Ihò tíntìntín pọ̀ lára ewé tí ojú lásán kò lè rí. Nígbà tí ewé bá ṣí ihò yìí kí gáàsì kábọ́nù lè wọlé, omi a gba ibẹ̀ jáde. Kò sí bí igi ṣe lè gba kábọ́nù kí ó má san omi. Nípa báyìí, igi jẹ́ ẹ̀rọ tí ń fa omi láti inú ilẹ̀ lọ sínú afẹ́fẹ́. Omi tí igbó gúúsù bá mí jáde yóò dara pọ̀ mọ́ èyí tí atẹ́gùn gbé bọ̀ láti òkun, yóò sì bá a lọ sí ìhà Ìsẹ́yìn, Ṣakí àti Kìṣí. Ẹni tí ó gé igbó lulẹ̀ níbì kan lè máa fi ọwọ́ kan òjò ẹlòmíràn.

Inú ilẹ̀ ni ibi kejì. Ilẹ̀ tí kábọ́nù wà nínú rẹ̀ dáadáa a máa rí fúkẹ́fúkẹ́, ekòló a máa là á kọjá, omi a sì máa rí àyè wọ̀ ọ́. Ilẹ̀ tí a ń dáná sun lọ́dọọdún kò rí ewé jíjẹrà gbà, ojú rẹ̀ a le koránkorán, òjò a sì máa yọ̀ lórí rẹ̀ lọ. Ibi kẹta ni ojú ọ̀run. Bí afẹ́fẹ́ bá fi dígírì Celsius kan gbóná sí i, omi tí ó lè gbé dání yóò fi bí ìdá 7 nínú 100 pọ̀ sí i. Èyí ni ó ń mú kí ilẹ̀ tètè gbẹ nígbà tí òjò bá dá, tí òjò sì fi ń rọ̀ lọ́pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà nígbà tí ó bá dé.

Ọ̀rọ̀ èédú ní Òkè-Ògùn àti Ìbàràpá

A kò lè sọ̀rọ̀ yìí kí a fo èédú dá. A mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ìdílé ni ó ń fi owó èédú rán ọmọ nílé ìwé, a sì mọ̀ pé nígbà tí owó gáàsì ìdáná bá gbówó lórí, èédú ni ọ̀pọ̀ ilé ní ìgboro ń sá tọ̀. A kò kọ èyí láti bú ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a mọ iye tí a ń san.

Nínú òkìtì ilẹ̀ tí àwọn ènìyàn wa fi ń sun èédú, ó kéré tán, kílò igi 5 ni ó ń lọ sí kílò èédú kan. Ó sì lè ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa bí igi náà bá tutù tàbí bí èéfín bá ń jò. Bí ìdajì ìwọ̀n igi gbígbẹ ni ó jẹ́ kábọ́nù. Igi gbígbẹ tí ó wọn kílò 100 ní nǹkan bíi kílò 50 kábọ́nù nínú. Bí gbogbo rẹ̀ bá jóná tán, gáàsì kábọ́nù tí yóò jáde yóò tó kílò 180. Ẹ má jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu pé gáàsì náà wúwo ju igi lọ: ọ́síjìn tí kábọ́nù so mọ́ nínú afẹ́fẹ́ ni ó fi kún un.

Bí igi mìíràn bá hù rọ́pò èyí tí a gé, yóò gba kábọ́nù yẹn padà díẹ̀díẹ̀. Ìṣòro tí ó wà ni ti àkókò. Àáké a máa fi wákàtí díẹ̀ gé ohun tí òjò fi ọgbọ̀n ọdún tọ́. Ìpalára náà sì máa ń pọ̀ jù nígbà tí ó bá jẹ́ igi tí ń fún wa ní irú tàbí igi tí ń fún wa ní òrí ni a gé. Ìyá tí ó ń ṣa èso rẹ̀ lọ́dọọdún pàdánù oúnjẹ, ilẹ̀ pàdánù ìbòjì, odò ìtòsí sì pàdánù ẹni tí ń bá a pa omi mọ́.

Ohun tí olúkúlùkù wa lè ṣe

Ẹni tí ó bá ń kọ́ ilé, ẹ má ṣe fi kọnkéré bo gbogbo àgbàlá. Ẹ fi apá kan sílẹ̀ fún koríko, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tàbí igi eléso, kí òjò lè rí ibi wọ̀. Ẹ fi ọpọ́n òrùlé darí omi sínú táǹkì tàbí dúrọ́ọ̀mù. Lítà kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá gbà jẹ́ lítà kan tí kò ní dé ọ̀dọ̀ aládùúgbò yín gẹ́gẹ́ bí àgbàrá. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ra ilẹ̀ sí ẹsẹ̀ odò nítorí pé ó dínwó. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n máa ń ta irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà òjò ni ẹni tí ó ni ín gan-an máa ń padà wá gbà á.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, ẹ jẹ́ kí ewéko tí ẹ ro jẹrà sórí ilẹ̀ dípò kí ẹ dáná sun ún. Lórí ilẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹ kọ poro ní ìbú, kì í ṣe láti òkè sí ìsàlẹ̀, kí omi má baà rí ọ̀nà sáré. Ẹ dá igi díẹ̀ sí láàárín oko, pàápàá jù lọ ní bèbè odò. Ẹ̀yin tí iṣẹ́ yín jẹ́ èédú, ẹ jẹ́ kí igi gbẹ dáadáa kí ẹ tó sun ún, ẹ má ṣe gé igi eléso, kí ẹ sì jẹ́ kí kùkùté tún rúwé kí ẹ tó padà sídìí rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi èédú dáná nílé, ààrò tí kò jẹ́ kí ooru ṣòfò yóò dín owó yín àti igi kù pọ̀. Ẹ sì jọ̀wọ́, ẹ má ṣe da ọ̀rá àti pàǹtírí sínú gọ́tà. Òjò kì í gbé e lọ. Ojúlé ẹlòmíràn ni ó ń gbé e dí.

Ìjọba ní iṣẹ́ tirẹ̀ láti ṣe. Títún odò gbẹ́, ṣíṣe afárá, àti dídáàbò bo igbó ọba kì í ṣe ohun tí a lè dì lé aráàlú lórí, ẹ sì ní ẹ̀tọ́ láti máa bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tí ẹ yàn. Ṣùgbọ́n kò sí afárá tí ó lè ga tó bí gbogbo púlọ́ọ̀tì bá ń da kẹ́ẹ̀gì 900 sí títì lẹ́ẹ̀kan náà.

Àwọn àgbà ní odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Orísun omi wa ni òkun, ewé, àti ilẹ̀ tí ó rọ̀ tó láti gba òjò. A kò lè dá òkun ṣe, ṣùgbọ́n ọwọ́ wa ni ewé àti ilẹ̀ wà. Bí òjò àkọ́rọ̀ tí ń bọ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ dúró díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yín, kí ẹ wo ibi tí omi ilé yín ń lọ. Ibẹ̀ ni kí olúkúlùkù wa ti bẹ̀rẹ̀.